Ọyẹ́ Tí Bàbá Àgbà Fi Ọwọ́ Òsì Kọ̀wé

Bàbá wa àgbà kì í dá ènìyàn lóhùn láàárọ̀. Tí o bá kí i, á gbé ojú sókè, á mi orí, á tún padà sórí ìwé tó ń kọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ó ń bínú ni. Èmi tí mo bá a gbé ilé kan náà ní Yábàá ní gbogbo àsìkò ọyẹ́ ọdún kan mọ̀ pé kò bínú. Ohùn àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀ ló ń gbọ́, kò sì fẹ́ kí tiwa bo tiwọn mọ́lẹ̀. Tó bá ti kọ ìwọ̀nba tó fẹ́ kọ, á dé ìgò tàdáwà rẹ̀, á na ara, á wá dáhùn gbogbo ìkíni àárọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹ ǹ lẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti jí báyìí."

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ka ilé ìwé tó lọ, iṣẹ́ akọ̀wé tó ṣe fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, àti orúkọ àwọn ọmọ tó bí. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mo ń gbọ́ ọ, mi ò rí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé nìyẹn. Ọyẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti mọ irú ènìyàn tí bàbá bàbá mi jẹ́.

Ìtàn ló máa ń kọ. Lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àròsọ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde ní ọjọ́ Sátidé, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà jẹ́ ti obìnrin ará Iléṣà kan tó ń jẹ́ Àdùnní. Ọkọ Àdùnní sọ pé òun ń lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ékòó, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tó pẹ́, Àdùnní di ẹrù rẹ̀, ó gbéra, ó ń wá a bọ̀.

Ilé Bàbá Àgbà wà ní Erékùṣù Èkó, ilé náà kì í sì í ṣófo. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ará Iléṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú iṣu àti adìyẹ, oníkálùkù á fẹ́ bá a jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ní òun ò lè fara dà á mọ́. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó ru àga rọ̀gbọ̀kú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó, ó wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Sábó, nítorí Sábó ní Yábàá ló kọ́lé sí, tó sì ti ń ta aṣọ ní iwájú ilé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sábó ni èmi náà ń gbé, tí mò ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo bá wá," ni ó sọ bó ṣe ń gbé àga wọlé.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pọ̀ níbí, Jósáyà," ni Ìyá Sábó dá a lóhùn. "Ta ló mọ̀ ọ́ ní Sábó tó máa wá yọ ọ́ lẹ́nu?"

Ó wá jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò láti ìgbà tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ìròyìn náà ò tán títí Bàbá Àgbà fi kúrò nílé rẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Eruku á bà sórí ìwé rẹ̀ kó tó kọ ìlà kan tán, á fẹ́ ẹ kúrò, òmíràn á bà. Tàdáwà á gbẹ mọ́ ẹnu gègé. Ètè rẹ̀ á là, á fi òrí pa á, òrí á kán sórí ìwé, lẹ́tà ò sì ní dúró lójú ibi tó kán sí. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń wọ̀ léra wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn ilé, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ń múra orin Kérésì sílẹ̀, ọkùnrin kan sì wà láàárín wọn tí ohùn rẹ̀ kì í bá ti àwọn yòókù mu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Àgbà fi gègé sílẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó sọ fún mi, "láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọkùnrin yẹn ti ń wá ohùn kan. Bóyá kí n lọ bá a wá a."

Lọ́sàn-án tó bá ti kọ̀wé tán, ó máa ń lọ ta dráfù lọ́dọ̀ Bùràímọ̀ Káfíńtà tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa. Ọmọ Mùṣín ni Bùràímọ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣojúsàájú fún àgbà lórí dráfù. Ó máa ń na Bàbá Àgbà lójoojúmọ́. Bàbá Àgbà ò sì gbà rí pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ta ju òun lọ. Á tẹjú mọ́ pátákó náà lẹ́yìn tí ayò ti tán, á fi ìka tọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà, á wá dìde. "Mo ti rí ibi tí mo ti ṣì í," ni yóò sọ. "Ẹ má bá ẹlòmíràn ta lọ́la."

Tí kò bá lọ ta dráfù, Makókò ló ń lọ. Ó fẹ́ràn kó máa wo àwọn obìnrin Ègùn bí wọ́n ṣe ń to ẹja sórí iná, kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ó ní òun ò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n òun máa ń mọ ẹni tó jàre. Tó bá ń bọ̀, ó máa ń ra ẹja yíyan fún Ìyá Sábó, kó lè rí ohun tí ẹnu rẹ̀ á máa ṣe fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà Makókò yẹn ló ti ṣubú. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta, síbẹ̀ ó lọ yá kẹ̀kẹ́ Bùràímọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kẹ̀kẹ́ náà wọ inú yanrìn, ó yọ̀, Bàbá Àgbà sì fi ọwọ́ ọ̀tún lélẹ̀. Mo wà ní iwájú ilé tí mo ń so bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì ti kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ọrùn ọwọ́ náà ti wú, ó sì ti wọ́. Ìyá Sábó ju aṣọ tó ń wọ̀n sílẹ̀, ó sáré jáde. Bàbá Àgbà tú ẹja tí wọ́n fi ewé dì kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó nà án sí i.

"Ẹja ò bàjẹ́," ni ó wí.

Bùràímọ̀ ló mú wa lọ bá ẹbí rẹ̀ kan ní Mùṣín tó máa ń to eegun. Ọkùnrin náà fọwọ́ tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó to eegun náà, ó to ègé ọparun yí i ká, ó sì fi aṣọ dì í gírígírí. Òógùn bo ojú Bàbá Àgbà, ṣùgbọ́n kò ké.

"Á jinná," ni ọkùnrin náà sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fi di nǹkan kan mú títí òjò àkọ́kọ́ á fi rọ̀."

"Òjò àkọ́kọ́ kẹ̀?" ni Bàbá Àgbà bi í. "Sátidé ni ìwé ìròyìn ń jáde."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó nìyẹn. Èyí tó ti kọ sílẹ̀ kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Àdùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó, kò tíì mọ ibi tó máa lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe Tìmótì, akọ̀wé tó ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà lẹ́bàá téṣàn Yábàá. Tìmótì wọ kóòtù wá, ó tẹ́ ìwé, ó ní òun ti ṣe tán.

"Kọ ọ́ báyìí," ni Bàbá Àgbà wí. "Àdùnní wọ ilé. Kò kí ẹnikẹ́ni."

Tìmótì kọ, ó kọ, ó kọ. Ẹnu yà wá pé ó ṣì ń kọ. Bàbá Àgbà ní kó kà á jáde.

"Àdùnní, obìnrin rere tó bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ ilé pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀," ni Tìmótì kà, "ṣùgbọ́n nítorí ìbànújẹ́ tó kún ọkàn rẹ̀, kò lè kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó."

"Ta ló sọ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe sọ ọ́, àwọn ènìyàn á rò pé kò ní ẹ̀kọ́."

"Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rò nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì."

Wọ́n jọ ṣe é fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà Tìmótì ò wá mọ́. Bàbá Àgbà wá ní kí èmi jókòó. Èmi ò fi nǹkan kan kún un. Ohun tó bá sọ ni mò ń kọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á padà fún un, ojú rẹ̀ ń fà ro. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sókè díẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀rẹ́ tó rìnrìn àjò.

"Ẹnu mi ń sáré jù," ni ó wí. "Ọwọ́ yìí ló máa ń dá mi dúró tí mo bá fẹ́ purọ́."

Ìgbà yẹn ni olóòtú ìwé ìròyìn náà wá láti Erékùṣù. Ọmọlúwàbí ni. Ó ra bisikíìtì wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ọwọ́, ó tún béèrè ti Ìyá Sábó. Ó pẹ́ kó tó débi ọ̀rọ̀ tó bá wá.

"Bàbá, a ò fẹ́ ni yín lára. Tíṣà kan wà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ ìwé kọ gan-an. Ó lè bá wa parí ìtàn náà. Ó ní kí Àdùnní ṣàìsàn, kó kú sí ọsibítù, kí ọkọ rẹ̀ wá bá òkú rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń kà á ni yóò sunkún."

Bàbá Àgbà mi orí pé rárá.

"Àdùnní ò ṣàìsàn," ni ó wí.

"Bàbá, ìtàn ni."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

Olóòtú wo ilẹ̀. Ó ní tí òun ò bá rí nǹkan kan gbà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kò sí ohun tí òun lè ṣe, àfi kí òun tẹ ti tíṣà náà. Bàbá Àgbà dúpẹ́ fún bisikíìtì. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó ní kí n gbé e fún àwọn akọrin ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n fi sinmi díẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a nídìí tábìlì. Gègé wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ṣe rí. Nínú ẹbí wa, tí ọmọdé bá fi gba omi lásán, a ó gbá a lọ́wọ́. Ìyá Sábó jáde láti inú yàrá, ó rí i, ó dúró.

"Jósáyà. Ọwọ́ wo lo fi ń kọ̀wé yẹn?"

Bàbá Àgbà, tí kì í dáhùn láàárọ̀, dáhùn. "Ọwọ́ àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O mọ bí Màmá wa ṣe jìyà lórí ọwọ́ yẹn tó?"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Nígbà tí Bàbá Àgbà wà ní kékeré ní Iléṣà, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń sọ òkò. Ìyá wọn bá a sọ̀rọ̀, ó nà án, kò gbọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀já di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ara láràárọ̀, títí tí ọwọ́ ọ̀tún fi kọ́ iṣẹ́. Ìyá Sábó sọ gbogbo èyí lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n dì í," ni ó wí. "O máa ń sunkún, màá sì tún fà á kó le."

"Mo rántí."

"O rántí, o ò sì sọ ọ́ rí láti ìgbà náà?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Ọmọdé ni mí. Ẹ̀yin náà, ọmọdé ni yín."

Ìyá Sábó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ, a sì rò pé ó ti bínú lọ. Bàbá Àgbà padà sí ìwé rẹ̀. Ìwé náà ń yọ̀ kiri lórí tábìlì, nítorí kò sí ọwọ́ kejì tó máa dì í mú. Ṣe ni mo rí Ìyá Sábó tó jáde pẹ̀lú ọ̀pá irin tó fi ń wọn aṣọ. Ó gbé e lé etí ìwé náà, ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Gbogbo àárọ̀ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn oníbàárà pè é níwájú ilé, ó ní kí wọ́n padà wá. Ohun tó sọ nìkan ni èyí tó sọ nígbà tí ojú ìwé àkọ́kọ́ kún: "Gbé òmíràn wá, Àbẹ̀kẹ́."

Kì í ṣe ohun tó rọrùn. Ọwọ́ náà rántí okun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà. Lẹ́tà kan á tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èkejì á kéré bí èèrà. Bí ọwọ́ náà ṣe ń lọ ló ń nu tàdáwà tí kò tíì gbẹ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú. Apá á ro ó, á dúró, á jù ú bí ẹni tó fẹ́ jà, á tún bẹ̀rẹ̀. Bùràímọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó béèrè bóyá wọ́n á ta dráfù. Bàbá Àgbà ní rárá, òun wà nílé ìwé lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ pé, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin, èmi àti òun, ìwé wà ní àyà rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Nígbà tí a dé ilé ìtẹ̀wé, olóòtú yọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣí ìwé náà, ìrísí rẹ̀ yí padà. Ó pe ọkùnrin tó máa ń to lẹ́tà irin fún ìwé títẹ̀. Ọkùnrin náà yí ìwé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Sà, mi ò lè ka èyí," ni ó wí. "A sì ti to ti tíṣà tán. Ẹ̀rọ nìkan ló kù."

"Bàbá, ẹ ò rí i?" ni olóòtú wí pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kó lọ báyìí. Tí ọwọ́ yín bá jinná, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Bàbá Àgbà wo inú yàrá náà ká. Ó rí àpótí kan, ó fi ẹsẹ̀ tì í súnmọ́ ibi tí ọkùnrin náà ń dúró ṣiṣẹ́, ó jókòó lé e.

"Èmi á kà á, ìwọ máa tò ó," ni ó sọ fún ọkùnrin náà.

"Bàbá, á pẹ́ o."

"Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń dúró de ìka ọkùnrin náà. Olóòtú lọ, ó tún padà wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àdùnní ti rí ilé ọkọ rẹ̀ báyìí. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ kékeré kan sórí itan, obìnrin kan ń bu oúnjẹ fún un. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Àdùnní ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n jọ gbé. Àdùnní tún ẹrù orí rẹ̀ ṣe. Ó yí padà.

Ọwọ́ ọkùnrin tó ń to lẹ́tà dúró.

"Bàbá, ṣé kò ní wọlé ni?"

"To èyí tí mo kà fún ọ ná."

"Mo fẹ́ mọ̀ ni, sà. Ṣé ó kàn máa lọ ni, láìsọ nǹkan kan?"

Bàbá Àgbà ń wo olóòtú. Olóòtú náà fi ọwọ́ pa orí, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé, "Tú ti tíṣà."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Yábàá, mo bi í pé ká ní wọ́n kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́. Ó ń pa ojú dé nítorí eruku.

"Ǹ bá jókòó sójú títì," ni ó wí, "kí n kà á fún àwọn tó ń kọjá."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn títí tí ìtàn náà fi parí, ọwọ́ òsì ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ń dára sí i, ọkùnrin ilé ìtẹ̀wé náà sì kọ́ bí a ṣe ń kà á. Àdùnní gba yàrá kan sí Yábàá, ó ń ta aṣọ, ó pàdé ọkọ rẹ̀ ní téṣàn níkẹyìn, ó sì kí i bí a ṣe ń kí ojúlùmọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Níwájú ìsọ̀ Ìyá Sábó, àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà. Àwọn kan ní ó yẹ kó wọlé lọ́jọ́ yẹn kó dojú ilé rú. Àwọn kan ní ìwà rẹ̀ pé. Ìyá Sábó ń dá sí i lọ́tùn-ún lósì, kò rí aṣọ tà. Mo wọlé lọ sọ fún Bàbá Àgbà pé ariwo náà ti pọ̀ jù, bóyá kí n ní kí wọ́n rọra.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ó wí. "Ìgbà tí wọn ò bá jà mọ́ ni kí o wá sọ fún mi."

Òjò rọ̀, wọ́n tú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò ká dáadáa mọ́. Ó padà sí Erékùṣù. Títí tó fi kú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, kò sì sí ẹni tó bá a sọ ọ́ mọ́ nínú ẹbí. Tí àlejò bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Sábó á ti dá a lóhùn kó tó béèrè: "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n bí i mọ́ ọn."

Kò pẹ́ lórí àìsàn. Àyà ló ń dùn ún, èémí sì ń ṣòro. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, gbogbo wa wà yí i ká, àwọn ọmọ rẹ̀, Ìyá Sábó, àti èmi. Pásítọ̀ wá, ó gbàdúrà, ó wá tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá," ni ó wí, "àwọn ọmọ yín ló wà níbí. Ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Bàbá Àgbà la ojú, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe máa ń wo ojú ìwé tí kò tíì kọ nǹkan kan sí nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó ná," ni ó wí.

Ó pa ojú dé. Pásítọ̀ ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wa tẹ́tí. A dúró bẹ́ẹ̀ títí tí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, kí Ìyá Sábó tó dìde, tó sì rọra fa aṣọ bo ojú rẹ̀.